Ìjókòó mẹ́ta lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò: ohun tí owó wa rà lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni èmi àti àbúrò mi obìnrin kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, nítorí pé àbúrò mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ òun, àti pé díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìyìn. Ohun tí wọ́n ń tà kò díjú: ìjókòó mẹ́ta, wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 60,000 náírà lápapọ̀, tàbí 25,000 náírà fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó yìí kò kan pípe ẹjọ́ rárá, ìmọ̀ràn nìkan ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní a ti fi owó ṣòfò, pé kí ni ènìyàn fẹ́ sanwó gbọ́ tí kò sí lórí fóònù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi rò pé ìjókòó àkọ́kọ́ nìkan tó gbogbo owó náà, tí ìkejì kò sì tó ìdajì owó tirẹ̀.

Kí n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe ìdána àbúrò mi, wọ́n sì ṣe alárédè ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀la rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí òun àti ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí níwájú ìjọ. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ní ọdún 2018, ọkọ kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé, kò sì padà mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, kóòtù ìbílẹ̀ kan ní ìlú ọkọ fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ti tú ìgbéyàwó náà ká. Àbúrò mi kò yọjú nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ náà nítorí ìtìjú. Ó kàn gba ẹ̀dà ìwé náà, ó fi í sábẹ́ àpótí, ó sì gbà pé okùn ti já. Ọkọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tí gbogbo ilé wa fẹ́ràn yọjú sí àbúrò mi, àwọn méjèèjì sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó láti lọ forúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ gba ìwé kóòtù ìbílẹ̀ yẹn, ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì dá a padà. Ó ní ìwé tí òun ń béèrè kọ́ nìyẹn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí kò sọ tán yẹn ni a sì gbé lọ bá lọ́yà.

Agbẹjọ́rò tó gbà wá jẹ́ obìnrin tí n kò rò pé ó tíì pé ogójì ọdún. Ó kí wa tìyẹ́tìyẹ́, ó pè mí ní Mọ́mì, ó pe àbúrò mi ní Àǹtí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

“Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí a tó dé orí ohun tí ọkọ ṣe, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé ìgbéyàwó.”

Inú àbúrò mi kò dùn. Ó ti fi òru mẹ́ta to ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó sì yẹ kó gbọ́ ọ ní ìwé lòun fẹ́ rí. Mo ti wá mọ̀ pé orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Wákàtí kan gbáko ni lọ́yà fi ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo fún wa, ìyẹn ni pé kì í ṣe ohun tí tọkọtaya ṣe síra wọn ló ń sọ kóòtù tí wọn yóò lọ, bí kò ṣe irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe.

Irú mẹ́ta ni òfin ilẹ̀ wa mọ̀. Èkíní ni ti ìbílẹ̀, ìyẹn ìdána pẹ̀lú owó orí àti fífa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú ẹbí. Èkejì ni yìgì, tí àwọn Mùsùlùmí ń so. Ẹ̀kẹta ni alárédè, ìyẹn ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún láṣẹ, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó tó ti wà láti ọdún 1914, tí a sì gba ìwé ẹ̀rí lé lórí. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè tú láàárín ẹbí, bí wọ́n bá dá owó orí padà tí ìhà méjèèjì sì gbà, ó sì lè tú ní kóòtù ìbílẹ̀. Ti yìgì ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ọkọ lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti kọ ìyàwó sílẹ̀, ìyàwó lè bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀, ìyàwó yóò sì dúró fún iye àkókò tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ kó tó lè lọ́kọ mìíràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, kóòtù ìbílẹ̀ kan náà ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé bí ọ̀rọ̀ bá le. Lọ́yà kò pẹ́ lórí èyí nítorí kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó alárédè, òfin kan ni ó wà fún un, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní Matrimonial Causes Act, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan sì ni òfin yẹn fún lágbára láti tú u. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní in. Pásítọ̀ kò ní in. Àwọn àgbààgbà ẹbí tí wọ́n jókòó yí ọtí àti obì ká kò ní in, bí wọ́n tilẹ̀ dá gbogbo owó orí padà títí dé orí iṣu.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti dákẹ́. Ó ní, “Ṣé pé ìyàwó rẹ̀ ni mí títí di bí mo ṣe jókòó yìí?” Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni mà, pé asán ni ìwé tó wà lábẹ́ àpótí yẹn lójú òfin, nítorí pé kóòtù tó kọ ọ́ kò ní àṣẹ lórí ohun tó tú. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọkọ má tilẹ̀ sọ fún wọn níbẹ̀ pé alárédè wà, kó jẹ́ pé ìdána nìkan ló sọ. Ó wá fi kún un, láìgbé ohùn sókè, pé ẹni tí ìgbéyàwó alárédè rẹ̀ bá ṣì wà lórí rẹ̀ tó wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ló dá, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sì ni abala 370 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí a ń lò ní apá gúúsù kọ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọlọ́pàá tó gbé ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ọkọ ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí akọ̀wé ọ́fíìsì ìgbéyàwó yẹn kò bá dá ìwé padà, àbúrò mi gan-an ni ì bá kó sínú rẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn nínú ọkàn mi títí di òní, bó ti wù kí ojú rẹ̀ le tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kóòtù ìbílẹ̀, nítorí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ irú ìtàn yìí. Ìyẹn kò tọ̀nà. Ẹni tó bá ti dé èyí tó wà ní Mápó, tàbí èyíkéyìí nínú ohun tí àwọn ará ìlú ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, yóò rí i pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀, pé ìyàwó lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ láìní agbẹjọ́rò, àti pé ẹjọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀ bíi ti ilé-ẹjọ́ gíga. Fún ẹni tó jẹ́ pé ìdána nìkan ló ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀. Ìṣòro ni pé nílẹ̀ wa, ó ṣòro láti rí ẹni tó ṣe alárédè tí kò kọ́kọ́ ṣe ìdána, nítorí náà nígbà tí ọkàn bá bàjẹ́, ìdajì tó rọrùn nínú ìgbéyàwó náà ni ọkọ tàbí ìyàwó máa ń gbé lọ sí kóòtù, tí ìdajì kejì á sì wà nílẹ̀ láìtú, bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn iwájú tó gbàgbé tẹ̀yìn.

Ohun tó tẹ̀lé e nínú ìjókòó àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tí àbúrò mi ti ń retí, ìyẹn ìdí tí a lè gbé síwájú adájọ́. Òfin 1970 sọ pé ìdí kan ṣoṣo ló wà, pé ìgbéyàwó náà ti fọ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n abala 15 ka àwọn ohun tí a lè fi hàn pé ó ti fọ́ bẹ́ẹ̀. Lára wọn ni pé ọ̀kan kọ̀ láti bá èkejì lò pọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Pé ó ṣe àgbèrè tí èkejì kò sì lè fara da àtigbé pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Pé ìwà rẹ̀ ti di èyí tí kò bójú mu kí a ní kí ẹnikẹ́ni fara dà. Pé ó ti pa èkejì tì fún ọdún kan ó kéré tán kí a tó pẹjọ́. Pé wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò sì ta kò ó. Tàbí pé wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3, yálà ó gbà tàbí kò gbà. Àbúrò mi fẹ́ lo àgbèrè. Ó ní gbogbo ìlú ló mọ̀, ó ní àwòrán, ó ní ẹlẹ́rìí. Lọ́yà gbọ́ ọ tán, ó wá bi í pé kí ló fẹ́ rí gbà gan-an, ṣé kí ọkọ di ẹni ẹ̀tẹ́ ni àbí kí òun gba ìwé. Ó ní bí a bá fi àgbèrè kàn án, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, ọkọ lè gba lọ́yà tirẹ̀ kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, obìnrin kejì náà lè di ara ẹjọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì gbọ̀nà ibòmíràn. Ṣùgbọ́n láti 2018 sí 2024 ju ọdún mẹ́ta lọ, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Mo rí i pé ó dun àbúrò mi. Ó fẹ́ kí adájọ́ gbọ́. Ìmọ̀ràn yẹn kò bá ìbínú rẹ̀ mu, ó sì dín iṣẹ́ tí ọ́fíìsì náà ì bá gbowó lé lórí kù, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òótọ́ ni wọ́n bá wa sọ.

Ó tún mẹ́nu ba ohun méjì tí mo rò pé yóò wúlò fún ẹlòmíràn ju àwa lọ. Ọ̀kan ni pé ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún 2 kò lè kàn dìde pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀; yàtọ̀ sí àwọn ìdí díẹ̀ bí àgbèrè, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, kó sì fi hàn pé ìyà tó ń jẹ òun kọjá ohun tí ojú ń rí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìpínyà. Àbúrò mi ti rò tẹ́lẹ̀ rí, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, pé òun kò ní kọ ọkọ sílẹ̀, òun kàn máa gbé lọ́tọ̀ ni. Lọ́yà ṣàlàyé pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kó ẹrù jáde, ọ̀tọ̀ ni kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ ìpínyà. Ẹni tó kó jáde lásán, kì báà jẹ́ fún ogún ọdún, tọkọtaya ṣì ni wọ́n lójú òfin. Ìpínyà tí ilé-ẹjọ́ pa láṣẹ ní tirẹ̀ máa ń bọ́ ọ̀ranyàn àtigbé pọ̀ kúrò lọ́rùn wọn, adájọ́ sì lè tipasẹ̀ rẹ̀ pàṣẹ lórí owó ìtọ́jú àti ọ̀rọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tú, kò sì sí ẹni tó lè fẹ́ ẹlòmíràn nínú àwọn méjèèjì. Àwọn ìdí tí a ń kà fún ìkọ̀sílẹ̀ náà ni a ń kà fún un. Ó dára fún ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gba ìkọ̀sílẹ̀. Kò lè ran ẹni tí ọkọ tuntun ń dúró dè lọ́wọ́.

Báyìí ni ìjókòó àkọ́kọ́ ṣe parí. Lọ́yà kò ní kí a san owó ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kí a lọ sùn lé e lórí. Nígbà tí a délé, ìyá wa, tí kò fẹ́ gbọ́ kóòtù sétí rárá, sọ ohun tí gbogbo Yorùbá máa ń sọ, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àbúrò mi dá wọn lóhùn pé, “Ẹ má bínú o, Màámi, ọkọ mi ti kóòtù bọ̀ láti 2019.”

Ìjókòó kejì ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. A dé ní aago mẹ́wàá bí wọ́n ṣe dá fún wa, a sì jókòó títí aago mẹ́wàá fi kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì, kí ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹjọ́rò tó jáde wá sọ pé ọ̀gá òun wà ní kóòtù, òun ni yóò bá wa jókòó. Kò sí ẹni tó tẹ̀ wá láago kí a tó kúrò nílé. Ọmọ náà níwà, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé ló ń kà sí wa létí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń fò kúrò lórí ibi tí a bá ti fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ilé-ìwé girama ni mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ìṣòro mi. Ìṣòro mi ni pé ẹni tó bá ń ta àlàyé gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó yé ẹni tó rà á. Lọ́yà àgbà ti fi Yorùbá ṣe gbogbo àlàyé tirẹ̀ ní ìjókòó àkọ́kọ́. Èyí kò gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí a sì béèrè iye tí pípe ẹjọ́ náà yóò jẹ́, ó ní 400,000 náírà, láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a ti san án tán ni a wá ń gbọ́ ti owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́, owó ìbúra, àti owó ọkọ̀ akódà tí yóò mú ìwé dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Kò sí èyí tí kò tọ́ láti san nínú wọn. Ọjọ́ tí a dúnàádúrà ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí owó tí a san fún ìjókòó náà, ìgbà kẹta tí mo béèrè ni mo tó rí i gbà.

Nínú ìjókòó kejì yìí náà ni wọ́n ti mú ìwé kan wá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Òfin ní kí agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ lórí bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe. Ọmọ agbẹjọ́rò yìí kàn bi àbúrò mi lójijì pé, ṣé kò rò pé kí òun padà sọ́dọ̀ ọkọ? Àbúrò mi dìde nílẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun láti dá òun padà ni? Èmi ni mo fà á jókòó. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá jẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ pé òfin ló ní kí òun béèrè, pé adájọ́ pàápàá ní láti máa ronú sí ìlàjà jálẹ̀ ẹjọ́ náà, àti pé ìdáhùn rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti pẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ yẹn, bóyá nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ti kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún un. Bàbá ló lọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a nílẹ̀ Yorùbá, àbúrò mi sì ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí òun bá gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù ńlá, wọn yóò gba ọmọ lọ́wọ́ òun fún bàbá wọn. Òfin 1970 kò rí i bẹ́ẹ̀. Abala 71 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo. Nítorí náà wọ́n béèrè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, ẹni tó ń san owó ilé-ìwé wọn, ẹni tó ń tọ́jú wọn nígbà tí ìyá wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àti bóyá bàbá ń rí wọn. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe fún ìjà nìkan ni ìdáhùn wọ̀nyí: níwọ̀n ìgbà tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà nínú ìgbéyàwó náà, àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀ àyàfi bí ètò ìtọ́jú wọn bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, tàbí bí ìdí pàtàkì mìíràn bá wà. Ní ti owó oúnjẹ, agbára àti ìwọlé owó ọkọ àti ìyàwó pẹ̀lú ìwà wọn ni adájọ́ máa ń wò kó tó sọ iye kan.

Ṣùgbọ́n kò béèrè nípa dúkìá. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ìdajì ni ìyàwó máa ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, bíi Califọ́níà, ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pé lọ́dọ̀ tiwa, adájọ́ ló ní agbára láti pàṣẹ ohun tó bá rí pé ó tọ́ lórí dúkìá, kò sí ìdajì kan tó wà nílẹ̀ de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ní òun fowó sí nǹkan gbọ́dọ̀ mú ìwé wá. Ó dúró síbẹ̀. Kò bi àbúrò mi bóyá dúkìá kan wà tí òun náà fowó sí.

Ìbátan wa kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bú wa nígbà gbogbo pé a ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní ìlú tirẹ̀, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń fi ẹ̀sùn kan ọkọ tàbí ìyàwó kó tó lè gba ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìgbéyàwó náà ti fọ́, á dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kó tó béèrè fún àṣẹ àkọ́kọ́, á sì tún dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kó tó béèrè fún ìkẹyìn. Mo sọ fún un pé a ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tí ọkọ rẹ̀ náà ń gbé níbí, òfin ibí ni yóò tẹ̀lé.

Ohun kan tí mo ka sí àléébù ńlá lọ́rùn ọ́fíìsì yìí ni pé wọn kò sọ fún wa, ní ìjókòó kankan, pé ọ̀nà ọ̀fẹ́ wà. Àwa lè san owó wọn, ó nira ṣùgbọ́n a san án. Obìnrin kan wà tí a jọ ń dúró lọ́jọ́ kejì yẹn, tó ń tú owó kékeré láti inú gèlè láti pé 25,000 náírà. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa bá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà dúró lórí ọ̀rọ̀ òfin. FIDA náà wà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tí wọ́n máa ń gba ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé rò. N kò retí pé kí ẹni tó ń ṣòwò lé oníbàárà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bébà kan ṣoṣo lára ògiri yàrá ìdúró kò ní ba ọjà wọn jẹ́.

Ọ́fíìsì yìí náà ni a gbé ẹjọ́ fún nígbẹ̀yìn, nítorí lọ́yà àgbà. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ gíga. Akódà bá ọkọ nílé, ó gba ìwé, kò sì fèsì kankan. Lẹ́ẹ̀mejì ni adájọ́ kò jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa, lẹ́ẹ̀kan ni iná lọ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá gbọ́ ọ, àbúrò mi kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú àpótí ẹlẹ́rìí: ọjọ́ tí wọ́n ṣe alárédè, ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ tí ọkọ jáde, ibi tí àwọn ọmọ ń gbé. Kò sí ẹni tó dárúkọ obìnrin kejì. Adájọ́ pàṣẹ àkọ́kọ́, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi, ó sì fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá wọn, kí bàbá máa rí wọn ní àkókò ìsinmi. Oṣù 3 ni àṣẹ náà gbọ́dọ̀ lò kó tó fìdí múlẹ̀. Títí di ìgbà náà, ìyàwó ọkọ rẹ̀ ló ṣì jẹ́. Bí ọkọ bá kú láàárín oṣù mẹ́ta yìí, opó rẹ̀ ni yóò jẹ́, ọkọ àfẹ́sọ́nà náà sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù. A ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni a óò gba ìwé tí akọ̀wé yẹn béèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní kó san 25,000 náírà fún ìjókòó kan, kó rí i dájú pé ọ̀gá gan-an ló máa bá a jókòó, kó mú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ dání, kó sì gba iye owó ẹjọ́ ní kíkọ sílẹ̀, ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, kó tó san kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún ni màá fún ìjókòó àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì.

Ìkẹta ṣì wà nílẹ̀, a ti san owó rẹ̀. Ilẹ̀ kan wà tí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ jọ rà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ra, orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan owó náà gba inú àpò báńkì àbúrò mi jáde. Inú ìwé ìpẹ̀jọ́ ló yẹ kí a ti béèrè fún un, kò sì sí níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ ìwé náà kò bi wá. Lọ́yà àgbà ní òun lè tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti gbé e wọlé báyìí, ó sì ní kí a wá jókòó lé e lórí, lọ́dọ̀ òun fúnra òun. Mo ti ní kí àbúrò mi lọ gba àkọsílẹ̀ owó ọdún yẹn ní báńkì kí a tó lọ, nítorí mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè.